Fíìmù Àná àti Fíìmù Òní: Ìtàn Kókó Inú Ẹ̀dọ̀fóró

Iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara ni mò ń ṣe jẹun. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nínú tírélà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ CT sí. Iwájú àwọn ilé ìtajà ńlá, níbi tí àwọn oníbàárà ń gbé mọ́tò sí, la máa ń gúnlẹ̀ sí. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹni ọdún 55 sí 74 tó ti mu sìgá rí, yálà wọ́n ṣì ń mu ún tàbí wọ́n ti jáwọ́. Wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì kọjá orí, n ó ní kí wọ́n mí sínú dáadáa kí wọ́n sì sé èémí. Kí wọ́n tó rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti parí. Kókó inú ẹ̀dọ̀fóró tó lè jẹ́ jẹjẹrẹ là ń wá, kókó tó lè má ju mílímítà 6 lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n rí irú kókó bẹ́ẹ̀ lára wọn kò bá tiẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn, wọ́n yà á kí wọ́n lè mọ̀ bóyá egungun ìhà rẹ̀ kán. Òmíràn, ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Òkúta inú kíndìnrín ni wọ́n ń wá lára ẹlòmíràn, ni ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró bá yọjú sínú àwòrán pẹ̀lú àmì funfun kékeré kan. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2015 pé àwọn tí wọ́n ń rí kókó yìí lára wọn lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 1.5. Lẹ́tà á wọlé, gbogbo ilé á sì dàrú. Ìyá kan nínú ìjọ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ òkè rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin kí ọjọ́ tí dókítà dá fún un tó pé. Kókó mílímítà 4 ni.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ sọ ìtàn yìí nìyẹn. Rírí kókó kọ́ ló nira jù fún àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tó gbà wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ni kí wọ́n mọ èyí tí wọn yóò gé, èyí tí wọn yóò máa ṣọ́, àti èyí tí wọn yóò fi sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì ní ìlú Würzburg ní Jámánì, ṣàkíyèsí ìtànṣán tó ń gba inú ẹran ara kọjá, èyí tí à ń pè ní ẹ́síréè. Kí ọdún náà tó parí ó ti ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, Anna Bertha, tí egungun ìka àti òrùka ọwọ́ rẹ̀ hàn kedere. Kò sí ẹ̀yà ara tó gba ìtànṣán yìí tó ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, nítorí náà dúdú ló máa ń hàn lórí fíìmù, ohunkóhun tó bá sì le níbẹ̀ á yọ funfun. Àmọ́ jẹjẹrẹ kọ́ ni wọ́n ń wá nígbà náà. Ikọ́ ife ló ń pa ènìyàn nílé lóko, òun ni gbogbo dókítà ń fi ẹ́síréè lé kiri. Nígbà tí Isaac Adler, dókítà kan ní New York, tẹ ìwé jáde lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní 1912, ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí ènìyàn kọ odidi ìwé lórí àrùn tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní dé lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n ń pín sìgá fún àwọn ọmọ ogun bí ẹni pín oúnjẹ, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń fi ẹ̀rọ rọ ọ́ jáde lọ́pọ̀ yanturu. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, àrùn tó ṣọ̀wọ́n kò ṣọ̀wọ́n mọ́.

Bí wọ́n bá rán akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ́dọ̀ wa, ìtàn Evarts Graham ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un. Oníṣẹ́ abẹ ni Graham ní ilé ìwòsàn Barnes ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà. Ní 1933, dókítà agbẹ̀bí kan láti Pittsburgh, James Gilmore, ẹni ọdún 48, wá bá a. Ó ti ń ṣàìsàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ́síréè fi òjìji hàn ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ òsì, nígbà tí wọ́n sì bu díẹ̀ níbẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ni. Títí di ìgbà yẹn, kò tí ì sí ẹni tí wọ́n yọ odidi ẹ̀dọ̀fóró fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí jẹjẹrẹ tó sì yè é. Gilmore mọ èyí, dókítà sáà ni òun náà. Wọ́n ní ó padà sílé lọ ra ilẹ̀ tí wọn yóò sin ín sí kó tó gbà kí wọ́n la àyà òun. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, Graham là á. Apá kan ẹ̀dọ̀fóró náà ló pinnu láti yọ, ṣùgbọ́n ó rí i pé ibi tí àrùn náà dé kò ní jẹ́ kí ìyẹn tó. Ló bá yọ gbogbo ẹ̀dọ̀fóró òsì. Gilmore yè é, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tún lo ọgbọ̀n ọdún láyé.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ṣeé wò sàn bí wọ́n bá bá a kó tó fọ́n ká. Bí wọn yóò ṣe tètè bá a ló kù. Ẹ̀dọ̀fóró kì í dùn ènìyàn. Kókó lè jókòó síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ẹni tó gbé e má mọ nǹkan kan, nígbà tí yóò bá sì fi wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, àkókò ti lọ.

Amusìgá ni Graham fúnra rẹ̀. Nígbà tí Ernst Wynder, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, wá bá a pé kí àwọn wádìí bóyá sìgá ló ń fa àrùn yìí, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí, àmọ́ ó jẹ́ kí ọmọ náà ṣe é. Ní 1950 ni wọ́n jọ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: aláìsàn 684 ni wọ́n wádìí, sìgá ni gbogbo rẹ̀ sì tọ́ka sí. Ní ọdún kan náà, Richard Doll àti Austin Bradford Hill sọ ohun kan náà láti inú àwọn ilé ìwòsàn London. Graham jáwọ́ nínú sìgá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti bọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1957, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á. Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ló ti bà jẹ́, kò sí ohun tí ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ kankan lè ṣe sí i. Gilmore tó wò sàn ṣì wà láàyè, 1963 ni ìyẹn tó kú. Mi ò mọ ìtàn mìíràn nínú iṣẹ́ ìṣègùn tó dùn mí tó èyí.

Ọ̀sẹ̀ tí Graham kú gan-an ni Glasgow ń múra láti ya gbogbo àgbàlagbà ìlú náà. Ikọ́ ife ṣì ni wọ́n ń wá. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ọdún 1957, àwọn ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ ẹ́síréè wà ní àdúgbò gbogbo. Wọ́n ń fún ẹni tó bá wá ní bàájì, wọ́n sì ń mú orúkọ fún ẹ̀bùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ènìyàn lè tú jáde. Ènìyàn 714,915 ni wọ́n yà. Ọgbọ́n tó mú kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe, ọmọ ilẹ̀ Brazil ló ni ín. Manoel de Abreu, dókítà ní Rio de Janeiro, ló ronú kàn án ní 1936 pé dípò fíìmù ńlá tó gbówó lórí, kí àwọn fi kámẹ́rà ya ohun tó hàn lójú gíláàsì ẹ́síréè sórí fíìmù kékeré, kí iye owó fíìmù ẹnì kan lè tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Abreu náà mu sìgá. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní 1962.

Ibi tí wọ́n ti ń fi irú ọkọ̀ wọ̀nyí wá ikọ́ ife ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí wọn kò wá. Ẹni tí kò wúkọ́, tí kò rù, tó ń jẹun, tó ń ṣiṣẹ́, òjìji roboto kan á wà lórí fíìmù rẹ̀. Kí ni kí wọ́n fi ṣe é? Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní kí àwọn là á, torí ẹni tó bá dúró wò ó lè pàdánù àsìkò. Ọ̀pọ̀ àyà ni wọ́n là nígbà náà tó jẹ́ ojú àpá ikọ́ ife àtijọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ní agbègbè odò Ohio àti odò Mississippi, ohun tín-ín-tìn-ìn kan tó ń hù nínú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti àdán bá wà ni àwọn ènìyàn ń mí símú, òun náà sì ń fi kókó sílẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò ní pa wọ́n láéláé. Ẹ̀rọ ti ń ríran ju bí ọgbọ́n wa ṣe tó lọ.

Ìdáhùn tó dára jù lọ tí wọ́n rí kò gba ẹ̀rọ tuntun. Fíìmù àtijọ́ ni. Ní ilé ìwòsàn Mayo ní ìpínlẹ̀ Minnesota, C. Allen Good àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kíyè sí i ní àwọn ọdún 1950 pé kókó tó bá wà lórí fíìmù ọdún 2 sẹ́yìn tí kò sì dàgbà kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Ní 1956, Vincent Collins àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi fíìmù lórí fíìmù ṣírò ìgbà tó máa ń gba kókó kí ó tó di ìlọ́po méjì. Ìṣirò yìí ṣì ni a ń lò, ó sì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Kókó mílímítà 8 tó bá di mílímítà 10, ojú lásán kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n kókó kì í fẹ̀ síbì kan, ó ń wú yíká ni. Bí a bá wọn gbogbo inú rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Jẹjẹrẹ sábà máa ń ṣe èyí láàárín oṣù díẹ̀ sí bí ọdún kan. Àpá ikọ́ ife lè má yí padà ní ogún ọdún. Èyí tó bá sì yá jù, tó di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ mélòó kan, àkóràn ló sábà máa ń jẹ́, oògùn á sì pa á rẹ́.

Àbúrò bàbá mi kan ní Ìbàdàn jàǹfààní ọgbọ́n yìí. Ikọ́ ife ṣe é nígbà èwe rẹ̀, ó lo oògùn, ó sàn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọlọ́kadà gbá a, wọ́n gbé e lọ ya CT, wọ́n rí kókó kan lókè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti ń jáde. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló bèèrè pé, "Bàbá, ẹ ò ní fíìmù àyà kankan nílé?" Ìyàwó rẹ̀ lọ fa àpò ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ kan jáde lábẹ́ mátírẹ́sì, fíìmù wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé. Kókó náà wà níbẹ̀, ibi kan náà, ìwọ̀n kan náà, funfun báláú nítorí ó ti gan. Wọn ò gé e, wọn ò gún un lábẹ́rẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn tiwa máa ń fa fíìmù lé aláìsàn lọ́wọ́ pé kó máa gbé e lọ sílé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé kò sí ìwúlò fún un mọ́. Ìwúlò tó wà fún un pọ̀ gan-an.

Kí n padà sí Mayo. Láti 1971, wọ́n kó àwọn ọkùnrin amusìgá 9,211 jọ. Wọ́n ń fi ẹ́síréè yẹ ìdá kan wò, wọ́n sì ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò, ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin fún ọdún 6. Ìdá kejì, ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n fún wọn pé kí wọ́n máa lọ ṣe é fúnra wọn lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n kà á, jẹjẹrẹ tí wọ́n rí lọ́dọ̀ ìdá àkọ́kọ́ jẹ́ 206, ti ìdá kejì jẹ́ 160. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí àrùn náà pa jẹ́ 122 lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń yà lóṣù mẹ́rin mẹ́rin, àti 115 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Wọ́n rí púpọ̀, wọn ò gba ẹ̀mí kankan là. Ní 1980, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà dẹ́kun àti máa dámọ̀ràn ẹ́síréè fún àwọn amusìgá tí ara wọn le. Ohun mìíràn wà nínú iṣẹ́ Mayo tí mi ò lè gbàgbé. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn fíìmù àtẹ̀yìnwá, nínú jẹjẹrẹ 50 tó wà ní etí ẹ̀dọ̀fóró, 45 ló ti wà lórí fíìmù tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó ti wà níbẹ̀. Egungun ìhà, ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bò ó mọ́ àwọn amòye lójú.

Ẹ̀rọ tó ká àwọn ìbòjú wọ̀nyí kúrò ni CT, tó ń ya ara ní abala abala tín-ínrín dípò kí gbogbo rẹ̀ to lé ara wọn lórí. Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ EMI, ló ṣe é. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n fi ya aláìsàn àkọ́kọ́, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon. Orí ni wọ́n yà. Abala kan ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan, orí lè dúró jẹ́ẹ́ fún ìyẹn, ẹ̀dọ̀fóró kò lè dúró. Ìgbà tí Willi Kalender ní Jámánì àti àwọn mìíràn mú ẹ̀rọ tó ń yí láìdúró bí ibùsùn ti ń lọ jáde ní 1989 ni ó tó ṣeé ṣe láti ya gbogbo àyà láàárín ìgbà tí ènìyàn fi sé èémí lẹ́ẹ̀kan.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yára. Ní Japan, ní ìpínlẹ̀ Nagano, Shusuke Sone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé CT sínú ọkọ̀ ní 1996, wọ́n ń lọ láti ìletò dé ìletò. Tírélà wa, àbúrò ọkọ̀ yẹn ni. Ní New York, Claudia Henschke ya amusìgá 1,000 tó ti pé ẹni 60 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 1999 fi hàn pé CT rí jẹjẹrẹ 27 níbi tí ẹ́síréè ti rí 7, mẹ́tàlélógún nínú 27 náà ló sì wà ní ìpele kìíní. Àwọn tó rántí Mayo ní rírí kì í ṣe ìgbàlà, wọ́n sì jàre. Ìjọba Amẹ́ríkà wá kó ènìyàn 53,454 jọ láti 2002 sí 2004, wọ́n fi CT ya ìdá kan, wọ́n fi ẹ́síréè ya èkejì, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọdún mẹ́ta. Ní 2011, ìdáhùn jáde: ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró dín kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fi CT yà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, láti ọjọ́ Röntgen, tí wọ́n lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé yíyà ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ le ń gba ẹ̀mí là.

Àmọ́ ìwádìí yẹn kan náà ló fi hàn pé nínú 100 àwòrán CT tí wọ́n rí ohun ìfura nínú rẹ̀, bí 96 ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìyá tó ń pín aṣọ òkè, inú 96 yẹn ló wà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n la gbogbo wọn bí ti àwọn ọdún 1950, iṣẹ́ abẹ ni yóò máa pa ènìyàn. Ẹgbẹ́ Fleischner, ẹgbẹ́ àwọn amòye àwòrán àyà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, ló fi òfin ìfarabalẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2017. Kókó líle kan ṣoṣo tí kò tó mílímítà 6, lára ẹni tí kò ní ìdí pàtó fún ìfura, kò nílò àyẹ̀wò mìíràn rárá. Láti 6 sí 8, kí wọ́n tún un yà lẹ́yìn oṣù 6 sí 12. Èyí tó bá ju 8 lọ, oṣù mẹ́ta, tàbí kí wọ́n bu díẹ̀ wò. Àwọn ará Netherlands àti Belgium gba ọ̀nà Collins. Kọ̀ǹpútà ń wọn gbogbo inú kókó náà, èyí tó bá sì di ìlọ́po méjì kí ọjọ́ 400 tó pé ni wọ́n fura sí. Ìwádìí tiwọn jáde ní 2020, ikú àrùn náà sì dín kù ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún 10 lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n fíìmù àná àti fíìmù òní ṣe padà wá di ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Manchester gbé tírélà lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ní 2016, nígbà tó sì di 2023, ìjọba kéde pé gbogbo England ni yóò kárí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ kó wọ tírélà wa. Ẹni tí kò mu sìgá rí kò ní ìdí kankan láti sanwó CT nítorí pé ó gbọ́ pé ó dára. Àpá ikọ́ ife pọ̀ ní àyà àwọn ènìyàn wa, ìdààmú ló máa rà sílé. Ẹni tó bá ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò lọ, tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: kó lọ rí dókítà, kó má fi àgbo tì í. Ẹni tó bá sì ń mu sìgá, kó jáwọ́ lónìí. Graham kò rí irú òní bẹ́ẹ̀ lò.

Bí lẹ́tà bá wá dé pé wọ́n rí kókó, ẹ bi dókítà léèrè bó ṣe tóbi tó ní mílímítà, bóyá ó wà nínú àwòrán yín àtijọ́, àti ọjọ́ tí wọn yóò tún un yà. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ pè wọ́n. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ gba CD àti ìwé àbájáde kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gbé wọn dání bí ẹ bá ń ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Bí fíìmù àyà bá wà nílé yín, ẹ kọ ọdún tí wọ́n yà á sára àpò rẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ fi sí fún ẹnì kan nínú ilé.